Ọkàn Ilé

Ìwé ló kó mi sí i, n kò ní í purọ́. Ní ọdún 1956, mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin fún ogún ọdún ní Ọ̀fà. Hẹdimásítà tí wọ́n wá fi ṣe olórí mi, èmi gan-an ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Mo ní kò burú, ìdánwò Lọ́ńdọ̀nù ni n ó fi gba ara mi sílẹ̀. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Jọ́gíráfì ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí mo mú. Olùkọ́ kan tí n kò fojú rí rí ní ìlú òyìnbó ló ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí mi, ọkọ̀ ojú irin a gbé e dé, èmi náà a kọ ìdáhùn padà. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, tí ọrùn ń ro mí, mo máa ń tẹ́ àwòrán ayé sórí tábìlì, kí n máa wá Rọ́ṣíà kiri.

Ẹ̀kọ́ tó wọ̀ mí lára jù ni ti àwọn ilẹ̀ alágbára. Wọ́n ní ayé ní àárín kan tí wọ́n ń pè ní ọkàn ilẹ̀, níbi tí Rọ́ṣíà tẹ̀dó sí. Ọkọ̀ ogun ojú omi kò lè dé ibẹ̀. Ẹni tó bá di ibẹ̀ mú, tó sì la ojú irin já gbogbo rẹ̀, òun ni yóò jọba lórí àwọn tó wà létí òkun. Mo ka èyí, inú mi dùn. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi tún ojú irin ṣe láti Ọ̀fà lọ sí ìhà Ìlọrin. Ẹnikẹ́ni kò ní láti ṣàlàyé fún mi ohun tí irin lè ṣe fún ìlú tí kò ní òkun.

Fọlákẹ́ ìyàwó mi kò bá Rọ́ṣíà ṣe nǹkan kan. Aṣọ ló ń rán. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, ibẹ̀ ṣókùnkùn débi pé ó ní láti jáde síta kó tó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lójú. Àwọn tó ń wá a kì í rí i. Wọn a béèrè títí, wọn a yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: àyè lójú títì.

Bàbá mi kú ní oṣù keje ọdún náà. Inú agbolé la sin ín sí, lẹ́bàá kànga tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, àbúrò rẹ̀, Bàbá Sàláwù, pè wá jọ láti pín ilé. Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́, nítorí náà ìdí-igi méjì ni: èmi ní ìdí ìyá mi, Àkànbí àbúrò mi ní ìdí ìyá tirẹ̀. Apá kan ni iwájú, tó dojú kọ ọ̀nà stéṣọ̀n, yàrá méjì tó ń jò àti ilẹ̀ gbalasa. Apá kejì ni àárín: yàrá bàbá wa, gbàgede, kànga. Bàbá Sàláwù ní ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Fọlákẹ́ ti bá mi níbi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n.

"Bàbá Bámijí, bí wọ́n bá ní kí ẹ mú, ẹ jọ̀ọ́, iwájú ni kí ẹ mú."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ má kàn gbọ́ o. Ẹ mú un."

Nígbà tí gbogbo ojú wá dúró lára mi, àwòrán ayé ni mo rí. Iwájú ni etí òkun. Ẹnikẹ́ni lè ti ojú títì wọ̀ ọ́. Àárín ni ọkàn. Kànga tí gbogbo ilé ń mu wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ni ín ló ni gbogbo wọn.

"Àárín ni mo mú," mo ní. Mo tún fi kún un, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo kàwé: "Ibẹ̀ lọkàn ilé wà."

Àkànbí wò mí bí ẹni pé mo ń ṣàwàdà. "Bùọ̀dá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Fọlákẹ́ dìde láàárín àwọn obìnrin, ó wọlé lọ. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ ohun tí mo mú. Mo fẹ́ mọ ògiri yí àárín mi ká, kí n fi ilẹ̀kùn sí i. Bàbá Sàláwù ní, "Adétóyè, o fẹ́ ti sàréè bàbá rẹ mọ́lé?" Mo ní kí n kọ́ yàrá kan lẹ́bàá kànga fún ẹ̀rọ Fọlákẹ́. Wọ́n ní ta ló ń kọ́lé dí ọ̀nà omi. Gbogbo ẹbí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wá kí bàbá, gbogbo ẹbí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pọnmi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, korobá wọn ti ń dún lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹni tó bá kọjá a kí mi, mo sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Èmi olùkọ́ ni mo gbàgbé ohun tí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní mọ̀, pé àárín agbolé kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tí wọ́n bá fún, ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ìyàwó mi wà nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ti òyìnbó ni mo lò.

Ní oṣù kọkànlá, rédíò sọ pé Íjíbítì ti dí ojú omi Súẹ́ẹ̀sì, ọkọ̀ àwọn alágbára kò ríbi gbà mọ́. Íjíbítì kò lágbára tó wọn. Ẹnu ọ̀nà ló dì mú. Lọ́jọ́ náà, Àkànbí ti wó yàrá méjèèjì, ó ń mọ ṣọ́ọ̀bù kẹta sójú títì. Nígbà tó parí wọn, ó wá bá Fọlákẹ́. "Ìyàwó wa, ẹ wá gba ọ̀kan." Fọlákẹ́ ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi," ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Bó ṣe di ayálégbé nìyẹn, níbi tí ì bá jẹ́ tirẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ṣe ìdánwò ní Ìlọrin. Ìbéèrè kan ní kí a mú ilẹ̀ alágbára kan, kí a fi hàn bóyá àárín ju etí lọ. Pẹ́ẹ̀nì mi kò dúró. Mo kọ ọ́ pé Rọ́ṣíà fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà omi rẹ̀, èyí tí yìnyín kò bá dí, ẹlòmíràn ló dúró níbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé Amẹ́ríkà, tó jìnnà sí ọkàn ilẹ̀, ń fi ọkọ̀ àti ọ̀rẹ́ yí i ká létí òkun. Mo kọ ọ́ pé ẹni tó jókòó sí àárín gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ibi gbogbo. N kò kọ kànga sí i. N kò kọ sàréè.

Èsì dé ní oṣù kẹsàn-án. Mo yege, jọ́gíráfì ló sì dára jù. Ó yẹ kí n fò sókè, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. Mo mú ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Fọlákẹ́ ń rán bùbá, obìnrin mẹ́ta jókòó dè é. Ó nu ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó kà á tán.

"Ẹ kú oríire, Bàbá Bámijí. Ẹ kú làálàá." Ó dé inú rẹ̀, mo mọ̀.

Mo ní ká fi í sínú férémù, ká gbé e kọ́ sára ògiri ibí yìí, kí àwọn èèyàn lè máa rí i.

Ó fọwọ́ kan ògiri náà. "Ògiri Àkànbí nìyí." Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá ìwé mi padà. "Ẹ gbé e kọ́ sílé, sí àárín. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ibẹ̀ lọkàn ilé wà."

Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo padà sílé. Wọ́n ti da omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi bí wọ́n ti máa ń ṣe. Mo fi ìwé náà sábẹ́ apá, mo mú ìgbálẹ̀.