Kóòtù Olùkọ́ Ìṣirò

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án, olùkọ́ ìṣirò kú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ gbé kóòtù rẹ̀ kan àti ṣòkòtò rẹ̀ sórí káńtà alágbàfọ̀.

"Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ kó yá," obìnrin náà wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ó wọ̀ ọ́ fún wọn."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí káńtà ti ń kọ ìwé ìgbaṣọ lọ ní tirẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé kì í yára sọ̀rọ̀, kì í sì í yára bínú. "Ṣé ìnáwó lẹ fẹ́ ṣe ni, Mà?" ló bi í, kò gbójú sókè.

"Ìsìnkú ni, ọmọ mi."

Bírò dúró lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. "Háà! Ẹ forí jì mí, Mà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín." Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ èjìká kóòtù náà, bí ẹni pé ènìyàn wà nínú rẹ̀. "Wọ́n ga. Aṣọ ọjà kì í bá wọn mu. Rírán la rán èyí, ọdún mọ́kànlélógún rèé. Rọra fọ̀ ọ́ fún mi o. Òun nìkan ló kù tí mo lè ṣe fún wọn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ọwọ́ mi ló wà."

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fọ kóòtù àti ṣòkòtò náà, ó lọ̀ wọ́n, ó sì dá wọn so kọ́ lọ́tọ̀ sí igun ògiri.

Àárọ̀ Sátidé ni ọ̀gá rẹ̀, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù, rìnrìn àjò lọ wo ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kó tó wọ mọ́tò, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́, ó sì tún ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ sọ: "Aṣọ oníbàárà, àlejò ni. A kì í rán àlejò níṣẹ́." Jẹ́jẹ́ ní òun ti gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù mẹ́ta tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti ń pète àtilọ sí ilé ijó kan tó wà lókè ilé ìfowópamọ́. Kò sí ẹni tó dé irú ibẹ̀ rí nínú wọn. Àgùnfọn ni ọ̀kan, agẹrun ni. Gíga rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹlẹ́nu ni ìkejì, ọmọbìnrin onídìrí tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹlẹ́nu ló ṣètò bí owó kékeré tí wọ́n ní yóò ṣe tó.

"Ṣáájú aago mẹ́jọ, ọ̀fẹ́ ni ìwọlé," ló wí. "Ká jẹun yó nílé. Ìgò kan ṣoṣo la máa rà, ìgò yẹn náà la máa gbé kiri bí ẹni gbé ọmọ. Ọtí líle wà nínú báàgì mi. Mo ti bù ú sínú ike ìpara irun."

"Ike ìpara?" Àgùnfọn yọ ojú.

"Mo fọ̀ ọ́! Ṣé o rò pé ọ̀bùn bíi tìẹ ni mí?"

"Kò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọkùnrin tí kò bá wọ kóòtù kì í wọlé níbẹ̀." Àgùnfọn yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Bàbá Jẹ́jẹ́, iṣẹ́ tìẹ dé."

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra wọn sínú. Jẹ́jẹ́ mú kóòtù oníbàárà kan tó jẹ́ akọ̀wé fún ara rẹ̀. Àgùnfọn dán mẹ́rin wò. Apá ọ̀kan kò kọjá ìgúnpá, òmíràn kò pa dé láyà.

"O dà bí ọmọ tí wọ́n wọ aṣọ iléèwé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn fún," Ẹlẹ́nu ń rẹ́rìn-ín.

"Eléyìí tó wà ní igun ńkọ́?" Àgùnfọn na ọwọ́ sí i.

"Ìyẹn kọ́."

"Kí ló ṣe é?"

"Olùkọ́ kan ló ni ín."

"Olùkọ́ kì í lọ sí kílọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n. Kò lè bá wa pàdé níbẹ̀. Àbí ó máa bínú ni?"

Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀. "Kò ní mọ̀," ló sọ.

Ó mọ ohun tó ń sọ. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá fi kún un, kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò ní lè lọ mọ́ nìyẹn, oṣù mẹ́ta wọn á sì ṣòfò. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ kóòtù náà kúrò lórí háńgà. Òun ló dì í mú kí Àgùnfọn fi apá bọ̀ ọ́. Ó bá a mu bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n wọlé ijó. Wọn ò bá ẹnì kankan níbẹ̀ àfi obìnrin kan tó ń fi ìgbálẹ̀ fa omi dúdú láti igun kan dé èkejì. Ilẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ bàtà wọn bí àtè. Gbogbo ibẹ̀ ń rùn: ìtọ̀, sìgá àná, àti oògùn apakòkòrò tí wọ́n dà lé méjèèjì lórí. Ẹlòmíì lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n imú alágbàfọ̀ kì í sùn. Jẹ́jẹ́ wo àga tìmùtìmù tó wà níbẹ̀, ó rí ibi tí ọ̀rá orí ènìyàn ti sọ ọ́ di dúdú, ara rẹ̀ bù máṣọ. Àmọ́ wọn ò tilẹ̀ lè jókòó, torí owó ni wọ́n ń fi jókòó. Wákàtí méjì ni wọ́n fi dúró ti òpó.

"Ẹ̀yin mẹ́ta, ìgò kan?" ọmọkùnrin tó ń gbé ọtí bi wọ́n.

"Òùngbẹ ò gbẹ wá," Ẹlẹ́nu dáhùn. "Sáà gbé e wá, kó o sì mú ife mẹ́ta dání."

"Ife mẹ́ta! Ẹ ò kúkú jẹ́ kí n mú abẹ́rẹ́ wá, kí n máa gún un fún yín?"

Nígbà tó fi di aago mẹ́wàá, èrò ti kún. Ìlù ń dún nínú eyín wọn. Òógùn ẹlẹ́ran-ara bí igba ń gòkè lọ bá àjà, ó sì ń kán padà sórí gbogbo wọn. Ike ìpara ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lábẹ́ báàgì. "Ó ń rùn bí orí ìyàwó," Àgùnfọn sọ, ó sì tún gbé e mu. Òun ló mu èyí tó pọ̀ jù.

Bàbá kan tó ń jẹ ẹran díndín ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ wọn na ọwọ́, ó di Ẹlẹ́nu ní ìbàdí mú.

Ẹlẹ́nu gbá ọwọ́ náà dànù. "Bàbá, ṣé ẹ ò bí ọmọ sílé ni?"

"Mo bí wọn. Wọn ò rẹwà tó ẹ," ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó wá gbá Àgùnfọn lẹ́yìn bí ẹni ń yin ẹṣin. "Kóòtù tó dáa nìyí, ọmọdé." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Jẹ́jẹ́ rí ìka ọ̀rá márààrún lẹ́yìn kóòtù olóògbé. Ó rí i kedere, ó sì yíjú kúrò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọn ò rí Àgùnfọn mọ́. Jẹ́jẹ́ wá a dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Omi tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe omi. Àgùnfọn kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, ó dì mọ́ àwo, ó ń bì. Apá kóòtù kan ti rì sínú àwo náà dé ìgúnpá. Èébì ti ṣàn láti ọrùn dé bọ́tìnnì kẹta, òórùn ìpara irun sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Ọkùnrin kan dúró tì í, ó ń tọ̀, kò wo ibi tó ń tọ̀ sí. Ó ń ta sí ìdí kóòtù náà.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ wo ibi tí ẹ ń tọ̀ sí!"

"Gbé e kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Ilé ìwòsàn ni wọ́n sọ fún yín pé ó wà níbí?"

Jẹ́jẹ́ fa Àgùnfọn dìde. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ lára kóòtù náà. "Bọ́ ọ!"

"Òtútù ń mú mi..."

"Mo ní kó o bọ́ ọ! Aṣọ òkú ni! Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa fi sin ín!"

Ọtí dá lójú Àgùnfọn. Ó wo àyà ara rẹ̀, ó wo Jẹ́jẹ́. "O mọ̀?"

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì rẹ̀.

"O mọ̀, o sì wọ̀ ọ́ fún mi?" Ó bọ́ kóòtù náà bí ẹni tí iná ń jó, ó jù ú lu Jẹ́jẹ́ láyà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọtí ló ń bì mọ́.

Nígbà tí Ẹlẹ́nu gbọ́ ọ ní ìta, ó fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. "Ìdọ̀tí yìí kàn wá, gbogbo wa pátá," ló wí fún Jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n àwa ò mọ̀. Má tẹ̀ lé mi. Mo mọ ọ̀nà ilé wa."

Odindi ọjọ́ Àìkú ni Jẹ́jẹ́ fi fọ kóòtù náà. Omi tútù ló kọ́kọ́ lò, nítorí omi gbígbóná a máa di àbàwọ́n mọ́ aṣọ. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yọ aṣọ inú apá síta, ó wá ohun tó há sí ojú rírán. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sáré lọ bì sẹ́yìn ilé. Ìgbà mẹ́rin ló ṣan án. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, kò sí ojú tó lè rí ohunkóhun lára rẹ̀ mọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó mọ́, ó ti mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lọ̀ ọ́. Gbogbo alágbàfọ̀ ló mọ̀ pé òógùn a máa fara pamọ́ sí abíyá aṣọ. Tí áyọ́ọ̀nù bá gbóná lé e, a tún jáde. Ó jáde díẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Jẹ́jẹ́ ń rò ó bóyá kí òun tún fọ̀ ọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

Ìyàwó olùkọ́ ló wọlé. Ó sanwó kó tó wo nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló gbé kóòtù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó sì mi orí. Ó wá dì í mọ́ra, ó ti imú bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó di ojú. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Òórùn wọn rèé," ó wí. "Mo ti rò pé o máa fọ̀ ọ́ dànù. Àwọn ẹbí ti dé, wọ́n ti kó gbogbo aṣọ ọkọ mi fọ̀, títí kan aṣọ ìbora. Wọ́n ní àwọn ń ràn mí lọ́wọ́. Mi ò tíì gbọ́ ọ láti Ọjọ́bọ̀." Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ṣé é, ọmọ mi. Ìwọ náà á rí ẹni ṣe é fún ẹ."

Ohun kan ló rọrùn jù: kó dákẹ́. Obìnrin náà á gbé ìtùnú rẹ̀ lọ sílé, kò sì sí ẹni tó máa tú àṣírí Jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún ti imú bọ̀ ọ́, Jẹ́jẹ́ sì rí abíyá Àgùnfọn lójú ara rẹ̀, bó ṣe ń kán nínú ooru yẹn.

"Mà," ló wí, "kì í ṣe òórùn wọn."

"Kí lo wí?"

Ó sọ ọ́. Kò yọ ìkankan sílẹ̀: ilé ijó, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó sọ pé òun ló bọ́ ọ lórí háńgà, pé òun mọ ẹni tó ni ín. Obìnrin náà kò pariwo. Ó rọra gbé kóòtù náà sílẹ̀ sórí káńtà. Ó mú etí ìborùn rẹ̀, ó fi nu imú, ó fi nu ẹnu. Ó tún nù ún. Ó tún nù ún.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mọ́kàndínlógún, Mà."

"Irú yín ni wọ́n fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣòkòtò ńkọ́?"

"Kò kúrò níbi tí mo so ó kọ́ sí, Mà. Ẹnì kankan ò wọ̀ ọ́."

Ó wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ó wá bọ́ ṣòkòtò náà kúrò lórí háńgà, ó ká a, ó fi sí abíyá, ó sì yí padà. Lẹ́nu ọ̀nà ló dúró.

"Tó o bá ti dákẹ́, ǹ bá má mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ǹ bá ṣì máa gbọ́ òórùn wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Mi ò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Mo mọ̀, Mà."

Nígbà tó lọ tán, Jẹ́jẹ́ mú fóònù, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Igbe ọmọ tuntun ń dún lẹ́yìn ọ̀gá. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán. "Tilẹ̀kùn," ló wí. "Fún òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa ní kọ́kọ́rọ́. Kí n má bá ẹ níbẹ̀."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù sínú ṣọ́ọ̀bù náà nìyí: kóòtù aláwọ̀ eérú kan, tó mọ́, tí wọ́n lọ̀ létí létí, háńgà méjì tí kò sí nǹkan lórí wọn, ìdajì ìwé ìgbaṣọ, pẹ̀lú orúkọ òkú lára rẹ̀, owó ìfọṣọ tí ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn, áyọ́ọ̀nù tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, àti àmì àtẹ́lẹwọ́ kan lára gíláàsì ilẹ̀kùn, níbi tí obìnrin náà ti fara tì kó tó lè jáde.