Ilà Ojú Màmá Tí Ẹ̀rọ Nù Kúrò

Délé, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lánàá fún ọ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. O rántí màmá olóògbé tí àwọn ọmọ wọn ní kí n fi ẹ̀rọ ẹ̀í-áì tún fọ́tò wọn ṣe fún ìsìnkú, fọ́tò kan ṣoṣo tó kù, tí omi ti bà jẹ́? Àwọn gan-an ni mo rí.

Wọ́n jókòó sórí àga tí mo ti ń ya oníbàárà, omi ń kán lára aṣọ wọn. Ojú wọn ń dán bí abọ́ tánganran. Ẹ̀rọ ti rò pé àbàwọ́n ni ilà ojú wọn, ó ti nù ún kúrò.

Wọ́n ní, "Bàbá mi fọwọ́ pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run, wọ́n ní ọmọ àwọn kọ́ nìyí, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Fún mi ní ojú mi."

Mo ní kí ẹ̀rọ dá ilà náà padà, ojú míì tó tún dán jù bẹ́ẹ̀ lọ ló gbé wá. Àfi bí ṣọ́ọ̀bù ṣe di ẹnu ọ̀nà yẹn. Gbogbo òkú tí mo ti tún fọ́tò wọn ṣe ló tò síbẹ̀, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Mi ò dá màmá mọ̀ mọ́.

Mo jí. Má túmọ̀ rẹ̀ fún mi o. Mo tún fọ́tò tómi bà jẹ́ yẹn wò, ilà ò hàn dáadáa níbẹ̀. Mo bá pe ọmọ wọn àgbà, mo bi í bóyá àbàjà ni wọ́n kọ fún màmá tàbí pélé.

Ó ní òun ò rántí mọ́, kí n jẹ́ kí òun bi àwọn àbúrò òun.