Wọ́n Ní Orí Mi Ò Gba Ìwé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ sún mọ́bí, òfófó wà lẹ́nu mi, òfófó ara mi sì ni. Ṣé ẹ ti gbọ́ pé Awawou sunkún sá jáde ní kíláàsì àwọn àgbà ní Sakin, àdúgbò wa níbí? Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ò mọ ìdí ẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní CE1, ọdún kẹta mi nílé-ìwé, ọ̀gá wa gbé àwòrán ewúrẹ́ sókè, ó ní kí n pè é ní faransé. Mo ní, « Tchèvre! » Ó ní, « Chèvre! » Mo tún ní, « Tchèvre! » Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Látọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé báyìí, wọ́n á ké « Mẹ̀ẹ̀ẹ̀! » Ọ̀gá sọ fún bàbá mi pé, « Orí ọmọ yìí ò gba ìwé. » Bàbá mi ní kí n máa bọ̀ lóko. Ó parí.

Ó parí kẹ̀? Ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ru iṣu kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé yẹn. Táwọn ọmọ bá ń kàwé pa pọ̀, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra ẹ̀, ẹnu mi á máa tẹ̀ lé wọn wúyẹ́wúyẹ́. Tí Moufidatou ọmọ mi bá lọ pọnmi, màá gbé aduwáàsì, pátákó kékeré tó fi ń kọ̀wé, màá fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lórí. N ò ní kọ nǹkan kan. Kí ni olórí ewúrẹ́ fẹ́ kọ?

Moufidatou náà ló tì mí lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwa àgbà láti ka èdè wa. Màdáàmù Adéọlá tó ń kọ́ wa, ọmọ apá Pobè ni. Oṣù méjì ni mo fi jókòó sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí síwájú.

« Ìyá Moufi, ẹ wá kọ orúkọ ìlú yín. »

Mo gba ẹfun, mo kàn ń wo pátákó. « Ẹ má bínú, màdáàmù. Ẹnu mi ò lè pe ṣ tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ yẹn. Tch ló ń wá. »

« Ta ló ní kẹ́ ẹ pè é? Àlejò ni mí, èmi ni mò ń pè é ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin onílùú ńkọ́? »

Gbogbo obìnrin pariwo: « Tchábẹ̀ẹ́! »

Flora tá a jọ ń jókòó lẹ́yìn, tó mọ ìtàn ewúrẹ́ mi, ní, « Awawou, tó bá jẹ́ torí ìyẹn ni, a jẹ́ pé ewúrẹ́ ni gbogbo ìlú! »

Màdáàmù kọ c sójú pátákó. « Lẹ́tà ẹnu yín nìyí. Òun la fi ń kọ tch. »

Lẹ́tà kan péré, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó tẹ̀ bí dòjé. Ṣé pé kò sí nǹkan tó ṣe orí mi látọjọ́ yìí? Ìgbà yẹn lẹkún gbé mi. N ò mọ̀gbà tí mo débi igi máńgò níta. Ọmọ kékeré kan tó wọ kakí ni mò ń rí, èmi ni, n ò sì mọ ibi tí màá gbà lọ bá a.

Màdáàmù bá mi níbẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Ó na ẹfun sí mi. « Ẹ ò tíì kọ ọ́, ìyá. »

Àwọn obìnrin ń yọjú ní fèrèsé. Ọ̀nà ilé wà níwájú mi gbọọrọ. Mo gba ẹfun, mo padà wọlé, mo kọ ọ́: Cábẹ̀ẹ́. Ó wọ́, ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì dúró tì í, n ò fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ̀ bá padà sí kíláàsì, àbí ilé lẹ̀ bá gbà lọ?