Ìrìn Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú

Nígbà tí Zàlìhà rí nọ́ńbà tó hàn lójú ẹ̀rọ, ó fi bébà àyẹ̀wò kejì dán ẹ̀jẹ̀ náà wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bébà tó kù nínú páálí kò ju méje lọ. Nọ́ńbà kan náà ni. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Àlàájì Lùkúmàn ti ga ju ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn lọ.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Zàlìhà, nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn kékeré náà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú òdónáǹsì, ìwé tí wọ́n fi ń júwe oògùn fún aláìsàn, lábẹ́ orúkọ oògùn, tó sì lu òǹtẹ̀ lé e: kí Àlàájì máa fi ẹsẹ̀ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, láti ilé rẹ̀ ní àdúgbò Maourey dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Zongo, kí ó sì gba ọ̀nà tó jìn. Ó ṣàlàyé fún un pé oògùn ni ìrìn náà, pé ẹni tí kò bá lò ó dà bí ẹni tó da kóró oògùn sínú kòtò. Àìsàn kan náà ti gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Àlàájì ní Ṣakí. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí ṣúgà náà kò bá wálẹ̀, abẹ́rẹ́ ló kàn.

Zàlìhà bi í bóyá ó rìn. Àlàájì búra pé kò sí òwúrọ̀ kan tí òun kò fi ẹsẹ̀ jáde. Ìyábọ̀dé, ìyàwó rẹ̀, jẹ́rìí sí i. Kò sí èyí tó jọ òpùrọ́ nínú wọn, ìyẹn gan-an ló bí Zàlìhà nínú.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó lọ dúró sí ìkángun òpópónà ilé Àlàájì. Aago méje géérégé, bàbá náà jáde nínú agbádá funfun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Kò tíì kọjá ilé mẹ́ta tí alùpùpù kan fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gùn ún sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lórí yanrìn. Àlàájì mi orí. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́. Àlàájì ká etí agbádá, ó gòkè. Qòsím ni, àbúrò Zàlìhà, tó ń fi kàbú-kàbú, alùpùpù akérò, ṣiṣẹ́.

Zàlìhà bọ́ sáàárín ọ̀nà, ó dí wọn. Ó bi àbúrò rẹ̀ pé láti ìgbà wo ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Qòsím ní kì í ṣe òun nìkan. Bí òun kò bá tètè dé, Yunus tí òun náà ní alùpùpù á gbé wọn, tàbí Àhmàd tó ní mọ́tò. Ó ní Àlàájì ló mú Àlàmínì, bàbá àwọn, wọ ìlú yìí.

"Ṣé kí n máa wò wọ́n ni, Àǹtí? Kí wọ́n wá sọ ní Zongo pé ọmọ Àlàmínì gun alùpùpù kọjá lára àgbà tó ń fẹsẹ̀ rìn?"

"Kí wọ́n sọ ọ́. Ẹsẹ̀ wọn lò ń gé. Láràárọ̀ lò ń gé e díẹ̀díẹ̀, o sì ń dọ̀bálẹ̀ kí o tó gé e."

Àlàájì ní kó rọra. Ó ní ọ̀wọ̀ ni àwọn ọmọ náà ń bù fún òun, ẹni tó bá sì kọ ọ̀wọ̀ ti bú ẹni tó bù ú fún un. Ó ní bí òun bá ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn oníbàárà á rò pé ọjà òun ti dojú dé. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Zàlìhà rí i pé ó ń gbádùn rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ti ṣòfò nítorí ìdọ̀bálẹ̀.

Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ń lọ, ó sì yíjú. Àlàájì sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í dá padà lọ, bó ti wù kí inú bí i. Zàlìhà ń yára rìn. Bàbá náà ń mí gúlegúle lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣàlàyé. Wọ́n kọjá mọ́ṣáláṣí. Yunus gun alùpùpù dé, ó rí wọn, ó tẹrí ba, ó lọ. Àhmàd fun fèrè mọ́tò, òun náà lọ.

Zàlìhà dúró. "Kí ló dé tí wọn kò gbé yín?"

Àlàájì wò ó bí ọmọ tí a kò kọ́ nílé. "Mo ń sìn ọ́ ni. Ta ni yóò já mi gbà lọ́wọ́ àlejò?"

Zàlìhà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni wọ́n ti rìn. Ó yọ òdónáǹsì kan nínú báàgì, ó gbé e lé ara ògiri, ó kọ ọ́ pé kí Àlàájì máa sin àlejò, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó béèrè ẹni tó ń bọ̀ lọ́la. Àlàájì ní Yunus ni.

"Ẹ sìn ín dé Zongo, sà."

"A kì í sin àlejò délé. Ìdajì ọ̀nà ni."

"Ẹ wá sin méjì."

"Alùpùpù ni Yunus máa ń gùn wá."

"Kó máa tì í."

Lẹ́yìn oṣù kan, bébà àyẹ̀wò kan péré ni Zàlìhà lò. Nọ́ńbà náà ti wálẹ̀, kò wálẹ̀ púpọ̀. Dókítà ní kí abẹ́rẹ́ ṣì dúró ná. Zàlìhà sin Àlàájì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Qòsím wà lábẹ́ igi níta, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ lórí alùpùpù tó tì wá láti Maourey. Inú Zàlìhà kò tíì rọ̀ sí i; kò kí i.