Ariwo Tó Fẹ́ Gba Ọkọ̀ Lọ́wọ́ Àṣìkẹ́

Ìkùukùu bo omi débi pé Àṣìkẹ́ ò rí imú ọkọ̀ ojú omi tó ń wà. Èrò kún inú rẹ̀ bámúbámú, apá Ìpókíà ni gbogbo wọn ń darí sí. Jìnnìjìnnì bò ó. Látìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà, ọkọ̀ tó bá ṣìnà dé òdìkejì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbà á ni. Ọkọ̀ yìí nìkan sì ni olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún òun àtàwọn ọmọ.

Bàbá Rájí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Tí ìkùukùu bá ti bolẹ̀, ohun tí òun àtàwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ni kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tẹ́tí sí ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ lọ́jà etí omi wọn, kí wọ́n forí lé e. Àmọ́ Àṣìkẹ́ ti ra ẹ̀rọ pélébé kan tó ń gba àmì láti ojú ọ̀run, tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn lórí àwòrán omi. Áà, bàbá fi í ṣẹ̀sín o! "Ṣé tẹlifíṣọ̀n lo fẹ́ máa fi wa ọkọ̀ báyìí?"

Àṣìkẹ́ pa ẹ́ńjìnnì. Ariwo kan ń dún lápá òsì.

"Ọjà wa nìyẹn!" Bàbá Rájí figbe ta. "Yà sósì, ìyàwó wa!"

"Yà sósì jàre!" làwọn èrò bá gbè é.

Àṣìkẹ́ wo ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀tún ló ní ilé wà. Ìgbà náà ló wá rántí.

"Bàbá, ọjà wo? Ṣebí àwọn tó ń ti òdìkejì wá ra gàrí ò wá mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà? Ẹ̀gẹ́ ta ni wọ́n ń lọ? Jẹnẹrétọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ ń gbọ́ yẹn!"

Àṣìkẹ́ yà sọ́tùn-ún, síbi tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rù ń bà á, kò sírọ́ níbẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n lọ, àfi gbì! Imú ọkọ̀ gbá ẹrẹ̀ èbúté wọn. Èrò hó yèè! Àṣìkẹ́ ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n wá gbọ́ ohùn àwọn awakọ̀ míì tó ń bọ̀ lẹ́yìn nínú ìkùukùu, tí wọ́n ń forí lé ibi ariwo. Bàbá Rájí fò dìde.

"Ẹ má lọ síbẹ̀ o! Ohùn mi ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé! Ìyàwó wa ti rí ilé!"

Ó ń pariwo títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn fi gúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há pátápátá nígbà tó yíjú sí Àṣìkẹ́.

"Gbé tẹlifíṣọ̀n yẹn wá," ló wí, "kí n wò ó."