Ẹ̀rọ Tó Wà Lábẹ́ Àtẹ̀gùn

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn kí obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Jẹ́-n-rí tó gbà pé ó ti tì. Ó tún fà á wò. Lẹ́yìn ìyẹn ló wọ́ àga kan, ó fi ti ìdí ilẹ̀kùn náà. Aago méje àárọ̀ Sátidé ni, ilé ìwòsàn dákẹ́ rọ́rọ́, kò sì sí ẹni tó ń bá a du yàrá tóóró yẹn, yàrá tó tutù nini, tí ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń pè ní sáfà, ń dá kùn nínú rẹ̀ bí àgbà tó ń ráhùn. Wọn kò ṣèèṣì fún obìnrin náà lórúkọ tó ń jẹ́. Bí o bá sọ fún Jẹ́-n-rí pé òjò ń rọ̀, yóò ní kí o jẹ́ kí òun rí i ná.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò ṣòro lẹ́nu. Sọ́fúwíà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ti ń ṣàìsàn fúnra rẹ̀ láti bí oṣù kan. Ó ń sùn lójú iṣẹ́, ó ń gbé orúkọ ìyá lé ọmọ lórí. Àwọn tó ṣe é ní kò sí ọgbọ́n mìíràn tí wọ́n lè dá sí i: kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí wọ́n má ṣẹ́ ohunkóhun kù, kí wọ́n gbé òmíràn sórí ẹ̀rọ ní tuntun, kí wọ́n tó dá àkọsílẹ̀ padà sínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án èèyàn ló wà nínú àkọsílẹ̀ ọ̀hún, títí kan ẹni tí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lè pa àti ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Mátírọ́nì, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ti tẹ ìwé oògùn àárọ̀ jáde sílẹ̀, ìwé náà kò sì kọjá aago kan ọ̀sán. Bí aago kan bá lù tí àkọsílẹ̀ kò tíì padà, ojú dídì ni àwọn nọ́ọ̀sì yóò fi máa fún èèyàn lóògùn.

Fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n ni.

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Òun ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá nínú yàrá yìí gan-an, tí àwọn aláṣẹ já ìwé ìfẹ̀yìntì lé lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn láìjẹ́ pé ó bèèrè, tí wọ́n sì gbé Jẹ́-n-rí sórí àga rẹ̀. Lọ́jọ́ tó lọ, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gbé ife tíì rẹ̀, ó ju ìdì kọ́kọ́rọ́ àti ìwé pélébé kan sórí tábìlì, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ṣé òní ni?" ni ohùn rẹ̀ wí.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ta ló sọ fún yín?"

"Mo ní ṣé òní ni."

"Òní ni, sà."

"Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé yẹn ni kí o ṣe tẹ̀ lé e. Tó bá yá, mo lè yà síbẹ̀."

"Ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ara sì ń fu ú. Ta ló sọ fún un? Kí ló fẹ́ wá ṣe níbi tí wọ́n ti lé e kúrò? Ó fa ìwé pélébé náà yọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí àwọn tó ṣe sọ́fúwíà fi ránṣẹ́, ó ń fi ìka tọ méjèèjì lọ ní ìlà-ìlà. Wọ́n ṣe déédéé títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti ní kí a dá sọ́fúwíà dúró. Ìwé àwọn tó ṣe é ní kí a ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìwé Ẹ̀gbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ ni pé: Jáde nínú yàrá. Lọ mu tíì. Ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà kí o padà wá ṣe ẹ̀dà. Kò sọ ìdí.

Jẹ́-n-rí kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ogún ìṣẹ́jú tí yàrá yóò fi ṣófo, tí sáfà yóò wà ní ìhòòhò, tí ẹni tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún mọ gbogbo ọ̀nà àbùjá ilé náà yóò sì wà nítòsí. Ta ni kò mọ ohun tí wọ́n ń fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣe?

Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ní Ọjọ́rú, ó ń tú wáyà ẹ̀yìn sáfà wò kó lè mọ èyí tó ń lọ síbo, ó bá rí ọ̀kan tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Ó tẹ̀ lé e gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó tẹ̀ lé e gba ihò ara ògiri, títí ó fi dé àkámọ́ kékeré tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán àti fáànù tó ti kú sí. Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ wà nínú ìdì tí Ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀. Láàárín pàǹtírí yẹn ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan jókòó sí, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé mọ́ ọn lára, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ló sì kọ ọ́ gàdàgbà pé: Ó TI BÀJẸ́. Jẹ́-n-rí gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó gbóná. Òkú wo ni ara rẹ̀ ń gbóná? Nígbà tó padà lọ wo sáfà, ó rí i pé ní gbogbo aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ń gba inú wáyà yẹn lọ. Ó fa wáyà náà yọ, ó já ìwé ara kọ̀ǹpútà náà dànù, ó ti ilẹ̀kùn àkámọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, ó sì fẹ́ kí kòkòrò náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde.

Nítorí náà, nígbà tó dá sọ́fúwíà dúró láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò jáde, kò mu tíì. Ó so díráìfù kékeré tí wọ́n ń kó ẹ̀dà sí mọ́ sáfà. Díráìfù náà kún, ó pa ẹ̀dà oṣù tó kọjá rẹ́ kí àyè lè wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da àkọsílẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi jókòó tì í tí kò ṣẹ́jú. Nígbà tó yá, sáfà kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé ó ti parí.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Ẹ̀gbọ́n kọ́ ọ ni pé ẹ̀dà tí èèyàn kò tíì ṣí wò, ẹ̀dà kọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn ló tilẹ̀ sọ ọ́ di Jẹ́-n-rí. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ láti ṣí i nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wúwo, kò kánjú, ó ń bọ̀ tààrà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ sílẹ̀, ó gòkè padà.

Jẹ́-n-rí gbà pé Ẹ̀gbọ́n ni. Ó ti dé. Tó bá wọlé báyìí tó rí i pé ẹ̀dà wà nílẹ̀ tí sọ́fúwíà sì dúró, kí ni kò lè ṣe? Kó parí rẹ̀ kíákíá ló kù. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń yọ sọ́fúwíà. Sáfà bi í pé: ṣé kí a pa àkọsílẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú? Ẹ̀dà wà lọ́wọ́ òun, ọwọ́ òun gan-an ló ṣe é. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Lóde, ike omi dún gbì lórí ilẹ̀. Ìyá tó ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, ó wọ bàtà rọ́bà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun nu inú yàrá náà. "Ẹ má ṣèyọnu, Mà," ni Jẹ́-n-rí wí láti ẹ̀yìn àga tó fi ti ilẹ̀kùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín ara rẹ̀.

Sọ́fúwíà àtijọ́ lọ pátápátá, tuntun wọlé láìjà láìta. Aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀ nígbà tó so díráìfù pọ̀ láti dá àkọsílẹ̀ padà. Sáfà wò ó títí, ó wá kọ ọ́ pé: fáìlì kò pé. Jẹ́-n-rí tún un ṣe. Fáìlì kò pé. Ó yọ wáyà, ó nù ún lára aṣọ, ó dá a padà sí ihò rẹ̀, ó tún un ṣe. Ìdáhùn kan náà ni.

Fóònù dún. Mátírọ́nì ni. "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ṣé ọmọ ti jí?"

"Ó ku díẹ̀, Mà."

"Aago kan o."

Ó dojú kọ sáfà, òfìfo àkọsílẹ̀ ń wò ó. Ẹni ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ibì kan ṣoṣo ló kù láyé yìí tí wọ́n tún lè wà, ó sì mọ ibẹ̀. Ó gbé àga kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ṣì gbóná. Ó gbé kíbọọ̀dù sí i, ó fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé.

Ó pẹ́ kó tó tẹ nọ́ńbà Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Kí ni ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀?"

"O ti rí i."

"Láti Ọjọ́rú. Mo fa wáyà rẹ̀ yọ."

"O ò dúró fún ogún ìṣẹ́jú yẹn."

"Mi ò dúró."

"Tí wọ́n bá dá sọ́fúwíà yẹn dúró, ó ṣì máa ń kọ nǹkan sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀dà tí o bá ṣe lásìkò yẹn, ààbọ̀ ni. Ó ti ṣe mí rí, kí o tó dé."

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀? Kí ló dé tí ẹ ní kí n jáde?"

"Mo mọ̀ ẹ́. Tí o bá jókòó tì í, wàá fọwọ́ kàn án." Ó húkọ́. "Ìdí ẹ̀ tí mi ò kọ, inú ló ń bí mi. Ọ̀rọ̀ ìwọlé náà ni máfọwọ́kànmí. So gbogbo ẹ̀ pọ̀."

Jẹ́-n-rí tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà ṣí. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, ní pípé, ẹni ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kọ ọ́ sí i lára pé ó ti bàjẹ́?"

"Ẹ̀dà tí mo ń fi pamọ́ ni, kẹ́nì kankan má baà dé ìdí ẹ̀."

"Ẹnì kankan bíi ta ni?"

"Bíi tìrẹ," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì pa fóònù rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, àkọsílẹ̀ ti wọ inú sọ́fúwíà tuntun, àyàfi ti ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn. Kò sí irọ́ tó lè bo ọjọ́ mẹ́ta. Jẹ́-n-rí gun òkè lọ bá Mátírọ́nì, ó dúró níwájú tábìlì rẹ̀, ó rò ó fún un láti orí wáyà títí dé orí ìyá tó ń nu ilẹ̀. Ojú tì í gidigidi.

Mátírọ́nì kò pariwo. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó gbé ìwé ńlá kan tí etí rẹ̀ ti ká jáde, ó ṣí i sí Ọjọ́rú. Orúkọ aláìsàn, oògùn, iye rẹ̀, aago, ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó fún un: gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ ní yíǹkì aláwọ̀ búlúù.

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé ẹ̀rọ yẹn dé ni mo ti ní kí wọ́n máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì," ni Mátírọ́nì wí. "Ṣebí o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Èmi náà ni mo sọ fún ọ̀gá rẹ àtijọ́ pé òní ni. Mo ní kó má jìnnà sí fóònù ẹ̀. Kì í ṣe pé o ò mọṣẹ́. Ọkàn mi ni ò balẹ̀."

Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Mátírọ́nì ń kà á, Jẹ́-n-rí ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan Mátírọ́nì á sì na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà bóyá ohun tí òun kà gan-an ni. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago kan lù nígbà tí ìwé oògùn ọ̀sán jáde. Àwọn yòókù tó wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà gbà wọ́n títí di aago márùn-ún.

Lẹ́yìn náà ló padà sábẹ́ àtẹ̀gùn pẹ̀lú sẹ́lótéèpù àti máàkà. Ó ki wáyà bọ ibi tó ti fà á yọ, ó fi ìgbálẹ̀ ọwọ́ gbá eruku kúrò. Ó já ìwé funfun kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ gàdàgbà: Ó TI. Ó dúró níbẹ̀. Ta ni òun ń kọ ọ́ fún? Kò sí ẹlòmíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ ibí yìí mọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣọ́ ọwọ́ tó fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́, ó fi àga ti ilẹ̀kùn nítorí rẹ̀, ọwọ́ náà sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú yàrá, ó ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fi BÀJẸ́ parí ìwé náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà náà lára. Ó ti ilẹ̀kùn àkámọ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kúrò lára ìdì, ó gun òkè padà lọ bá Mátírọ́nì.

"Ẹ bá mi tọ́jú èyí, Mà. Tí mo bá wá gbà á lọ́jọ́ kan, ẹ kọ́kọ́ bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe."

Mátírọ́nì wò ó, ó wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ṣí ìwé ńlá rẹ̀, ó kọ déètì àti aago sí i, ó yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ Jẹ́-n-rí, ó sì na bírò sí i pé kó fọwọ́ sí i.