Omi Ùgú

Bí èèyàn bá jókòó ti Ọláwuyì níbi tí kò sí ariwo, yóò gbọ́ ọkàn rẹ̀. Ilẹ̀kùn irin kékeré kan ni àwọn dókítà fi sí i láyà lọ́dún tó kọjá, nígbà tí èyí tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ kò pa dé mọ́, irin náà sì ń dún tẹ́, tẹ́, tẹ́ lábẹ́ ẹ̀wù. Àwọn ọmọdé Ìbẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ní Bàbá Aláago, òun náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Caroline ìyàwó rẹ̀ ni kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ń gbọ́ ọ ló ń bẹ̀rù pé ó fẹ́ dákẹ́.

Dókítà ti là á yé wọn ní ilé ìwòsàn ní Ìkòròdú: ẹ̀jẹ̀ àti irin kò rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á máa fẹ́ dì mọ́ irin yẹn lára, bó bá sì dì, ilẹ̀kùn náà ò ní lè ṣí, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ìdí rèé tí Ọláwuyì fi gbọ́dọ̀ máa lo wáfárìn nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́ títí ayé, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Àpọ̀jù ẹ̀fọ́ sì lè pa agbára oògùn náà. Kò ní kó má jẹ ẹ̀fọ́ o. Ó ní bó ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni kó máa jẹ ẹ́, kó má fi kún un, kó má sì dín in kù. Ó tún ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n rọra pẹ̀lú òróró àti ẹran ọlọ́ràá.

Ẹni tó bá mọ Caroline mọ̀ pé bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ fún un, ó ń gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ṣíbí kan náà ló fi ń bu ẹ̀fọ́ sí abọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ń bó awọ adìẹ dànù. Ẹja díndín tí òun fúnra rẹ̀ ń tà kò kan Ọláwuyì mọ́. Sísè ló ń se tirẹ̀, bàbá náà á sì máa jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá obìnrin yìí wí, kó kọ́kọ́ rántí gbogbo ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kó bá wọn. Nígbà tí wọ́n padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àmì dúdú dúdú ti wà káàkiri apá Ọláwuyì, èrìgì rẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀ tó bá ń fọ eyín. Dókítà wo èsì àyẹ̀wò náà.

"Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ bàbá ti fúyẹ́ jù," ló wí.

Ó dín oògùn náà kù díẹ̀, ó ní wàhálà ti tán, kí wọ́n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣàn wẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n létí Caroline, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ ni ẹni tí kò lẹ́jẹ̀ lára. Kò béèrè ohunkóhun, nítorí kò mọ̀ pé ohun tó yẹ kó béèrè wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ló bá a dé ibùdókọ̀ Benson.

Ní Benson, ó yà lọ́dọ̀ Làtífátù, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ránṣọ níbẹ̀, tí wọ́n ti mọra tipẹ́. Làtífátù ní nígbà tí òun bí àbíkẹ́yìn òun, ẹ̀jẹ̀ dà lára òun débi pé àtẹ́lẹwọ́ òun funfun, omi ùgú ló gba òun là. Kó gún ewé rẹ̀, kó fún omi rẹ̀, kó da mílíìkì sí i. Kò parọ́, omi ùgú ti ran ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́. Caroline rántí ìkìlọ̀ dókítà, ó sì rò ó dáadáa. Ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ ni dókítà ń sọ. Eléyìí, omi ni, mímu ni wọ́n ń mu ún, ṣíbí inú abọ́ kò sì ní yí padà.

Bẹ́ẹ̀ ló di pé tó bá ti lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ìdì ùgú á bá a bọ̀. Àràárọ̀ ló ń fún un. Ọláwuyì á dijú mu ún tán, á ní kí Olúwa dá ẹni tó kọ́kọ́ ro irú nǹkan báyìí lẹ́jọ́. Kò pẹ́, àmì dúdú apá rẹ̀ parẹ́, èrìgì rẹ̀ kò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Inú Caroline dùn, ó ń kọrin nídìí ẹja rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ọláwuyì sùn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Caroline jókòó tì í, ó sì ṣàkíyèsí pé òun kò gbọ́ ìró náà. Ó gbé etí lé e láyà. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹlẹ̀, bí ohun tí wọ́n fi aṣọ wé. Ọkàn Caroline balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó kọjá. Ó rò pé ara ti gba irin náà, pé ọkàn ọkọ òun ti ń di ọkàn èèyàn padà. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi kún omi ùgú náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Ọláwuyì kò lè rìn dé etí ọ̀sà láì dúró mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Caroline ní ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé kò tíì tó ni. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá náà kò lè sọ̀rọ̀ délẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ìkòròdú. Caroline kó aṣọ sí báàgì, ó sì ti ìgò omi ùgú kan bọ̀ ọ́, bí wọ́n bá dá wọn dúró.

Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn lé e láyà, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà, ló bá yára lọ pe dókítà. Dókítà béèrè bóyá ó fo oògùn rẹ̀. Caroline ní kò fò ó rí. Ó béèrè ohun tó ń jẹ.

"Bí ẹ ṣe ní ká ṣe é náà ni, sà," ni Caroline wí. "Ṣíbí kan ni mo ń bù. Omi ùgú nìkan ni mo fi kún un, kó lè lẹ́jẹ̀."

Dókítà kò jágbe mọ́ ọn. Ìbá tiẹ̀ sàn kó jágbe.

"Mọ́mì, ẹ̀fọ́ náà ni," ló wí.

Ó ṣàlàyé pé omi yẹn ló borí oògùn, pé ẹ̀jẹ̀ ti dì mọ́ ilẹ̀kùn irin náà, ìdí sì nìyẹn tí ìró rẹ̀ fi rẹlẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Èkó báyìí, kí wọ́n tún ṣí àyà rẹ̀. Ó ní òun kò lè ṣèlérí kankan.

Wọ́n ń ṣètò ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ nígbà tí Caroline dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọkọ rẹ̀. Ìtìjú àti ìbẹ̀rù kò jẹ́ kó lè wò ó lójú. Ọláwuyì fa ohun tí wọ́n fi bò ó nímú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Akínlolú, ṣé o mú omi ùgú yẹn dání? Fún mi mu díẹ̀, kí n lè ní ẹ̀jẹ̀ tí màá fi gba ọ̀bẹ."

Báàgì náà wà léjìká rẹ̀, ìgò inú rẹ̀ kún dẹ́nu.

"Ó ti tán, Bàbá Akínlolú."

Ọláwuyì ní kò burú, kó bá òun gún òmíràn sílẹ̀ de ìgbà tí òun bá dé. Caroline ní òun á gún un.